Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Lẹ́nu Kó Tó Wọ Ilé-Ìwé

Oṣù kẹjọ ti ń lọ sópin. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti yọjú, àwọn ọmọ kan wà tí wọn yóò fẹsẹ̀ kan ọgbà ilé-ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Àwọn òbí wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ ìyá àgbà ni iṣẹ́ yìí wà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Mo mọ̀ pé owó ló gbà yín lọ́kàn báyìí. Yunifọ́ọ̀mù, sàndálì, sọ́ọ̀kì funfun, báàgì aláwòrán, ike omi, kúlà oúnjẹ, owó ilé-ìwé, owó ìwé, pẹ̀lú owó ìdàgbàsókè tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ohun tó dàgbà níbẹ̀. Mi ò ní dá sí ìyẹn. Ohun tí mo bá wá kò náni ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí.

Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ń lọ síbi tí ìyá rẹ̀ kò sí. Nílé, bó bá ti ń fẹsẹ̀ pọ́ ara wọn, ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Bó bá dijú, tó ń fa etí, ìyá rẹ̀ mọ̀ pé oorun ti dé. Ní kíláàsì, àǹtí kan ṣoṣo ló dojú kọ ogún ọmọ, ọgbọ̀n ọmọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ ojú tó jẹ́ ti ìtọ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ ti inú rírun. Ọmọ ní láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nílé-ìwé, ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé, ká tó fún un ní A, B, D, ká tó fún un ní ení, èjì, ẹ̀ta, ẹnu ni ká kọ́kọ́ fún un.

Ẹ̀yin àgbà ẹ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ láyé àtijọ́. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí àtàrí kọjá, á fi wá etí òsì. Bọ́wọ́ bá kan etí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di èèmíì. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí kankan lọ́wọ́, etí yìí ló sì jẹ́rìí fún wọn. Àwọn kan ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ báyìí, àmọ́ ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Orí ọmọ kékeré tóbi, apá rẹ̀ kúrú. Ìgbà tó bá ń tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje ni apá máa ń gùn tó láti yí orí ká. Ọdún 6 yẹn náà ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń sọ fún pírámárì kìíní, pẹ̀lú ọdún kan ní jẹ́léósinmi ṣáájú rẹ̀, bí ọmọ bá pé ọdún 5.

Ta ló ń tẹ̀ lé e? A ti ń sáré. Ọmọ ọdún 4 ti wà ní pírámárì kìíní, inú wa ń dùn, à ń ròyìn fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ wa mú. Tó bá dé pírámárì karùn-ún, a ní kó fo ìkẹfà bọ́ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ ọdún 15 ni yóò jẹ́ nígbà tó bá parí. Ó wá dẹ́nu géètì yunifásítì, JAMB ní kó lọ jókòó ná, torí ọdún 16 ni wọ́n fi lélẹ̀, àfi ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá yàtọ̀ gedegbe sí tẹgbẹ́. Ọdún kan tó fi jókòó yẹn, kò bá fi ṣeré lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tó wà ní kékeré.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé ọmọ ọdún 3 lọ o. Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà, tàbí tó ń wọ mọ́tò láti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, níbo ni kó fọmọ sí? Jẹ́léósinmi wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́mọ lọ ṣe níbẹ̀: eré, orin, oorun ọ̀sán, àti bí a ṣe ń bá ọmọ ẹlòmíì gbé láìbu ara wa jẹ. Bí ẹ bá rí àǹtí tó ń fi pàṣán mú ọmọ ọdún 3 kọ A títí ojú ìwé fi kún, ẹ gbọ́mọ yín kúrò níbẹ̀.

A, B, D yìí ń gba àwọn òbí lọ́kàn jù. Ọmọ lè ka ení dé ọgọ́rùn-ún fún àlejò ní pálọ̀, kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ wá ní kó lọ mú ṣíbí mẹ́ta wá ní kíṣìnì. Bó bá kó ìkúnwọ́ wá, orin ló kọ́, òǹkà ò tíì yé e. Iṣẹ́ ilé ló ń kọ́ni lónkà. Ẹ jẹ́ kó pín àwo fáwọn tó fẹ́ jẹun, ẹnì kan, àwo kan. Ẹ jẹ́ kó ka ọsàn bẹ́ ẹ ṣe ń kó o jáde látinú àpò. Ọwọ́ náà ńkọ́? Egungun ọrùn-ọwọ́ ọmọ ọdún 3 kò tíì gbó, ìdí nìyẹn tí pẹ́ńsùlù fi máa ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe olódo. Ohun tó ń mú ìka le ni kó bá yín bó ẹ̀gúsí, kó bá yín ṣa ẹ̀wà, kó tú ewé ẹ̀kọ, kó fọ sọ́ọ̀kì rẹ̀ kó sì fún un, kó fi ẹrẹ̀ mọ nǹkan lẹ́yìnkùlé. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ bó bá ń ṣa ẹ̀wà o. Imú làwọn ọmọ máa ń tì í bọ̀, ọ̀rọ̀ á sì di ti ilé ìwòsàn.

Oúnjẹ náà, ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Yóò dà á sílẹ̀, yóò fi kun aṣọ, ọmọdé kì í sì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Kúlà tẹ́ ẹ sì rà, ṣé ó lè ṣí i? Ike omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé ìrẹsì wálé bó ṣe gbé e lọ, ìyá á ní ọmọ òun kì í jẹun níta. Ìdérí kúlà ló le, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí ẹlòmíì bá òun ṣí i.

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ báyìí. Èmi kì í tijú rẹ̀, torí òun ló ń ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ ju ohunkóhun lọ. Ẹ gba pampers kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí ìwọlé ṣì jìnnà, kí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Póò tó ń lò nílé kò sí lọ́hùn-ún. Ṣáláńgá ló máa bá níbẹ̀, tàbí ilé ìgbẹ́ olómi tí ariwo omi rẹ̀ á máa dẹ́rù bà á. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba fọ́ọ̀mù, ẹ má wo géètì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà mèremère, ẹ má wo àwòrán Mickey Mouse tó wà lára ògiri. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo ilé ìgbẹ́. Ẹni tó bá ní kò sí àyè, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Bí ẹ bá ń ra ṣòkòtò, ẹ ra onírọ́bà. Ọmọ ọdún 4 tí wọ́n fi bẹ́líìtì dè nídìí, kó tó tú u tán, ó ti tọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tó máa sọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Ẹ jẹ́ kó máa fi kọ́ra nílé. Kì í ṣe ẹ̀yin ìyá nìkan ni kó máa sọ ọ́ fún. Kó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, kó sọ ọ́ fún aládùúgbò, kó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín tó wá kí yín. Ẹni tí kò mọ̀ dáadáa gan-an ló yẹ kó ti fi kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣe máa rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ tún wò ó, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 4 ni ìyá wọn ṣì ń ṣàndí fún. Ẹ kọ́ ọ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ́ tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa pe ẹ̀yà ara rẹ̀ lórúkọ fún un. Ẹ sọ fún un pé: ìwọ lo ni ara rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ì báà ṣe àǹtí, ì báà ṣe bùrọ̀dá tó ń wa bọ́ọ̀sì, ì báà ṣe ẹbí wa, tó bá tilẹ̀ ní o ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kan, wá sọ fún mi. Mi ò ní nà ọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń ṣòro fún wa, òun sì ni ọmọ máa fi wò wá. Ọmọ tó fọ́ tọ́ńbílà lánàá, tó wá jẹ́wọ́, tí wọ́n tìtorí ìjẹ́wọ́ lù ú, kò ní wá sọ ohun tó ju tọ́ńbílà lọ fún yín lọ́la.

Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti kan bí a ṣe ń tọ́mọ. A fẹ́ràn ọmọ tó dákẹ́. Àgbà ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń dá sí i? Ojú la fi ń báni wí. Ìyá á ṣẹ́jú kan báyìí, ọmọ á ti mọ̀ pé kóun kúrò nídìí oúnjẹ àlejò. Èmi náà, ojú ni wọ́n fi tọ́ mi, mi ò sì ní ká sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá yanu ni wọ́n ń ní kó pa á dé, ẹnu wo la ní kó wá yà níwájú ẹni tí kò rí rí? Ìkúnlẹ̀ kò ní kéèyàn má sọ̀rọ̀. Kó kúnlẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó kí àǹtí pé ẹ káàárọ̀ mà, kó wá sọ ohun tó ń ṣe é lẹ́yìn ìkíni.

Àwọn tó ṣáájú wa pàápàá fún ọmọdé láyè láti sọ̀rọ̀. Kí ni àlọ́ àpamọ̀ bí kì í bá ṣe ibi tí ọmọ ti ń yanu níwájú àgbà? Ọmọ á gbà á lódì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò ní fi ọwọ́ kàn án. Á tún gba òmíràn. Bó bá kan àlọ́ àpagbè, á béèrè ìdí tí ìjàpá fi ṣe ohun tó ṣe, àgbà á sì dá a lóhùn. Ohun tó gba ipò àlọ́ lónìí ni fóònù tí a ń tì bọ̀ ọmọ lọ́wọ́ kó má baà dí wa lọ́wọ́. Fóònù ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í gbọ́ èsì rẹ̀. Bí iná bá lọ lálẹ́, tí ẹ ò fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ lo àǹfààní ẹ̀. Ẹ pa àlọ́.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá ń ṣe tí kò dáa, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. A máa ń fi tíṣà dẹ́rù ba ọmọ. "Jẹun kíá, àbí kí n pe tíṣà ẹ?" "Ṣé o ò ní sùn? Tó o bá dé ilé-ìwé, wọ́n á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n!" "Màá fẹjọ́ ẹ sun àǹtí ẹ, á nà ẹ́ bí ẹni máa kú." A ń sọ èyí fún ọmọ tí kò tíì rí àǹtí náà rí. A ti kó ẹ̀rù sí i nínú tán, a wá wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, a fà á lé ẹni tí a ti fi ṣe ìwin fún un lọ́wọ́, ẹnu ń yà wá pé ó ń ké. Ta ló máa sọ fún ìwin pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun? Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ láti òní. Ẹ béèrè orúkọ àǹtí náà, kẹ́ ẹ máa dárúkọ rẹ̀ nílé pẹ̀lú ẹ̀rín: "Àǹtí Fúnmi á fẹ́ gbọ́ orin yìí o." Bí ilé-ìwé bá gbà, ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà tí ọgbà ṣì ṣófo, kó gun jáńgíróó wọn, kó mọ ibi tí ẹ̀rọ omi wà.

Ó kan èdè wàyí. Èdè wo ni kó fi máa sọ gbogbo èyí? Àwọn ilé-ìwé kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé a kò gbọdọ̀ sọ èdè abínibí, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn fún ọmọ tó bá sọ ọ́. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá nìkan dé ibẹ̀, odi ló dà lọ́sàn-án kan òru kan. Ìyẹn kọ́ ló tún burú jù lójú mi. Èyí tó burú jù ni ti ilé tí òbí ti fòfin de Yorùbá láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní jòjòló, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá àwọn fúnra wọn lójú tọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò ju "wá", "lọ", "jókòó", "má ṣe bẹ́ẹ̀" lọ. Ọmọ náà á dé kíláàsì, kò ní Gẹ̀ẹ́sì tó fi lè ṣàlàyé pé inú ń run òun, kò sì ní Yorùbá tó fi lè sọ ọ́.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ èdè yìí wò lára ọmọ nílẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún wọn: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo ló ṣe dáadáa jù nígbẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ báyìí, a ṣì ń bu owó ìtanràn fún ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ nìyí: ẹ fi Yorùbá tó kún, tó dán mọ́rán, kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ nílé. Bí ilé-ìwé tẹ́ ẹ yàn bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn mélòó kan tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ti ìtọ̀, ti omi mímu, ti ibi tó ń dùn ún, ti ẹni tó lù ú. Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àǹtí ní tààrà pé: bọ́mọ mi bá fi Yorùbá sọ pé òun fẹ́ tọ̀, kí lẹ máa ṣe? Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ nǹkan tí mò ń sọ. Oṣù kẹsàn-án tó bá tẹ̀ lé ìgbà tí ọmọ pé ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń wọ kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Reception, eré ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òbí ni bóyá ọmọ lè wọ kóòtù rẹ̀, bóyá ó lè dá lọ sílé ìgbẹ́. Bí òbí bá ní Yorùbá làwọn ń sọ nílé, wọ́n á ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ò lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ wa.

Ní ti ìlera, ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ èèyi, ẹ̀ẹ̀mejì ni: oṣù 9 àti oṣù 15. Ọ̀pọ̀ ló gba ti àkọ́kọ́ tí wọn ò padà lọ gba èkejì, kíláàsì tó kún fọ́fọ́ sì ni èèyi fẹ́ràn. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti lè rí ẹnu yín, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ṣe é léraléra. Bí kò bá wẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń nà ní kíláàsì pé olóríkunkun ni wọ́n, tó jẹ́ pé etí wọn ló ń ṣọyún. Ọmọ ọdún 3 tí kò sì tíì lè so ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ má sọ pé bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ńkọ́? Àwọn òbí kan máa ń fi pa mọ́ fún ilé-ìwé nítorí ẹnu ayé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn. Ọmọ SS ní láti máa mu omi léraléra, torí bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, ìrora lè dé. Kíndìnrín rẹ̀ kì í sì í lè mú kí ìtọ̀ ki bíi ti ọmọ yòókù, nítorí náà yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Àǹtí tí kò mọ̀ á ní ó fẹ́ sá níṣẹ́ ni, á ní kó jókòó. Bákan náà ni ọmọ tí gìrì máa ń mú, àti èyí tí ikọ́ máa ń sé léèémí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọmọ kí òun náà lè sọ ọ́.

Oorun: ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, tọ̀sán tòru. Èyí tó ń wo sinimá títí aago mọ́kànlá, tí wọ́n tún jí ní aago márùn-ún kí bọ́ọ̀sì má baà fi í sílẹ̀, orí ìjókòó ni yóò ti parí rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ máa tètè gbé e sùn díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wá dé. Ẹkún á wà, ẹ jẹ́ kó wà. Ọmọ tó ti máa ń lo wákàtí díẹ̀ láìsí yín, ní ilé-kéwú, ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹkún tirẹ̀ kì í pẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ yọ́ pọ́rọ́ jáde nígbà tó bá ń wo ibòmíràn. Yóò yíjú, kò ní rí yín, láti ọjọ́ yẹn lọ kò ní fẹ́ yíjú mọ́, aṣọ yín ni yóò dì mú títí. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé lọ́nà tó lè yé e. Kò mọ aago méjì. Ó mọ "tẹ́ ẹ bá jẹun tán, tẹ́ ẹ sùn, tẹ́ ẹ jí." Lẹ́yìn náà, ẹ lọ. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé láti yọjú wò ó, ó ń rí yín o. Kẹ́ ẹ sì dé lásìkò tẹ́ ẹ dá. Ọmọ tí wọ́n pẹ́ mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní gbà yín gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lóru, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò kọjá. Tó bá délé, ẹ má bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ, torí "kò sí" ló máa sọ. Ẹ bi í pé ta lo jókòó tì, ta ló sunkún lónìí, kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ débi pé ẹ̀ẹ́ ní kó sinmi.

Mo fẹ́ fi orúkọ parí rẹ̀, torí àkókò ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ orúkọ ara wọn. Bọ̀bọ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àǹtí á ka orúkọ kan gbọọrọ látinú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ọmọ á máa wo ojú àwọn ọmọ yòókù pé ta ni wọ́n ń pè. Bí ẹ bá bi í lórúkọ ìyá rẹ̀, á ní "Mọ́mì mi." Bí ẹ bá bi í níbi tó ń gbé, á ní "ilé wa." Ká má rí i, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ nù ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ọ̀ṣòdì, kí ló fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá? Ẹ tún sọ fún òun àti ilé-ìwé, àwọn wo ló lè wá mú un. Kó mọ̀ pé ẹni tí kò bá sí lára wọn, bó tilẹ̀ gbé súìtì dání, òun ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e, kóun figbe ta.

Ẹ jọ̀wọ́, lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ẹ bi í: Kí lorúkọ rẹ, gbogbo rẹ̀? Kí lorúkọ bàbá rẹ? Kí lorúkọ ìyá rẹ? Àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.